Ìgbín Mẹ́ta ti Milan àti Orúkọ Wàsíù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, láti Thamesmead níbi tí afẹ́fẹ́ odò ò tíì yé ṣí fìlà lórí ènìyàn. Àlàáfíà ni Mummy wà. Ó ṣì ń tọ́jú àwọn arúgbó fún àwọn ọmọ wọn, ó sì ṣì ń sọ lójoojúmọ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ ti ń gbọ́ ìyẹn kí ẹ tó lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà kò tíì dé.

Ìròyìn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti Mummy. Ti Wàsíù àbúrò mi ni, ti èmi náà sì ni, àti ti ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Milan ní Ítálì tí wọ́n ti ń ṣe géèmù kọ̀ǹpútà, tó ti kógbá sílé báyìí. Mo mọ̀ pé ẹ ò rí géèmù kọ̀ǹpútà rí. Ẹ fi ojú inú wo tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣe ohun tí ọmọdé bá ní kó ṣe. Àgbàlagbà ló ń ṣe é, ọmọdé ló ń lò ó, àwọn òbí ló ń bínú sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òdodo kan, nígbà tí ẹ wà níbi tí ẹ ò ti lè wò mí lójú. Mo ń jowú Wàsíù. Kì í ṣe láti àná. Èmi lẹ ń ra ìwé fún. Òun lẹ máa ń kó bébà wá fún láti gáréèjì bọ́ọ̀sì, àwọn ìwé iṣẹ́ dírẹ́bà tí wọ́n ti kọ ojú kan, tí ojú kejì ṣì funfun, kó lè ríbi yàwòrán. Ẹ máa ń tọ́jú wọn sábẹ́ kóòtù yín bí ẹni gbé ọmọ tuntun nínú òjò. Ìwé tèmi, ẹ rà á. Bébà Wàsíù, ẹ jí i ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá fún yín ní ṣéńjì tó lé. Ta lẹ tún jalè fún rí láyé yín? Láti kékeré ni mo ti ń ro ìbéèrè yẹn, mi ò sì rí orúkọ mìíràn.

Nígbà tí ẹ wà ní ọsibítù, mo ka ìwé ìròyìn sí yín létí fún odidi wákàtí kan, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ibi bọ́ọ̀lù. Ẹ dúpẹ́. Ẹ nu gíláàsì ojú yín, ẹ tún un wọ̀. Wàsíù wọlé, ó fi bírò ya nọ́ọ̀sì tó sanra yẹn sí ẹ̀yìn káàdì oúnjẹ yín, ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń wúkọ́. Mo bá yín rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń kábàámọ̀ ẹ̀rín yẹn, torí pé kò dé inú mi.

Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti gbà mí sí pólì ní Woolwich láti kọ́ nípa kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti sọ ọ́ di yunifásítì báyìí. Wọ́n pààrọ̀ pátákó ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àga tó kán ní kíláàsì wa kò gbọ́. Lẹ́yìn tí ẹ lọ ni mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan fún iṣẹ́ ilé ìwé. Mo kọ́ Wàsíù bí wọ́n ṣe ń tan án àti bí wọ́n ṣe ń pa á. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀.

Ibi ìkẹ́rùsí kan ní Thamesmead West ni Wàsíù ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ó máa ń dé lọ́sàn-án. Bí mo bá wà ní kíláàsì, á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi, á máa yàwòrán. Àwòrán kọ̀ǹpútà nígbà náà dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń to ẹ̀wà sórí àtẹ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, títí ẹ̀wà yóò fi di ojú ènìyàn. Wàsíù ní sùúrù ẹ̀wà. Ohun tó ń rí láti wíńdò wa ló ń yà: àwọn ilé kọnkéré gíga, afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó so wọ́n pọ̀, adágún tó wà láàárín, àwọn ẹṣin inú pápá tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni wọ́n, àti ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó máa ń dúró lójú omi bí ẹni ń retí bọ́ọ̀sì. Ó ya lífìtì wa, pẹ̀lú bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé kò ṣiṣẹ́. Mo wo àwọn àwòrán yẹn, ara mi sì tutù. Èmi tí mò ń kàwé lórí ẹ̀rọ náà, ohun tó dára jù tí mo tíì fi ṣe ni ètò kan tó ń to orúkọ ènìyàn ní a, b, d.

Ní ọdún kejì mi ní pólì, wọ́n ṣe ìpàtẹ kọ̀ǹpútà ní gbọ̀ngàn ńlá kan láàárín London. Mo mú Wàsíù dání, ó sì kó àwòrán rẹ̀ sínú dísìkì kan. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní iná àti orin. Ní igun kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀, a rí tábìlì kékeré kan tí wọ́n ya ìgbín mẹ́ta sí. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà nìyẹn lédè wọn, Ìgbín Mẹ́ta. Èmi rò pé ẹni tó bá fẹ́ ṣòwò kò gbọdọ̀ kéde ìyára rẹ̀ báyẹn, ṣùgbọ́n wọn ò béèrè lọ́wọ́ mi.

Ọkùnrin gíga kan tó ń jẹ́ Ettore ló sọ ìtàn wọn fún wa. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀: òun tí ẹnu rẹ̀ dùn, Bruna tó mọ ìṣirò tí kì í rẹ́rìn-ín, àti Piero tó ń ṣe orin. Inú yàrá kan lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún agbòòrùn ṣe ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Géèmù bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ó ní ní Ítálì ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ṣe bọ́ọ̀lù, wọn ò ní kà á sí ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ti eré ìje mọ́tò. Àwọn ará ìlú wọn rà á díẹ̀díẹ̀. Wàyí o, wọ́n fẹ́ ṣe ohun ńlá kan tí England náà máa rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè yà á fún wọn.

A ki dísìkì bọ ẹ̀rọ wọn. Àwọn ilé wa jáde, adágún jáde, ẹṣin jáde. Ettore pe Bruna. Bruna fi ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn. Ettore wá béèrè ẹni tó ya àwòrán náà.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ tọ́ wa, ẹ ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wàsíù tẹrí ba, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì bọ́ sẹ́yìn mi, kí n lè sọ̀rọ̀, torí pé ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Ní ilé wa, ẹni tó dúró báyẹn ni ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbọ́. Lójú àwọn ará Milan, ẹni tó dúró báyẹn ló ń báni gbé ẹrù. Ettore di ọwọ́ mi mú, ó ń mì í bí ẹni ń fa omi. Ó wá gbé páálí dísìkì kan lé Wàsíù lọ́wọ́ kó bá wa dì í mú. Mo rí àṣìṣe náà lójú ẹsẹ̀. Mo ní ìwọ̀n àkókò tí ènìyàn fi ń ka ení, èjì, ẹ̀ta láti tún un ṣe. Mo kà á. Mo jẹ́ kó kọjá.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà sí Woolwich, mo ń wo ìta. Wàsíù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Orúkọ bàbá kan náà la ń jẹ́.”

Orúkọ yín ló fi dá mi láre. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀? Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n lò ó nìyẹn?

Báyẹn ni orúkọ mi ṣe wọnú ìwé àdéhùn. Owó tó wọlé, Mummy fi ra fíríìjì, ìyókù lọ sọ́dọ̀ Wàsíù. Ní ti owó, olóòótọ́ ni mí. Òun ń yà, èmi ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà tí mo fi gẹ̀ẹ́sì ńlá kọ. Nígbà tí géèmù náà jáde, wọ́n pè é ní ìlú ọ̀la. Ibi tí a ti ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò ìrẹsì, ìlú ọ̀la ni. Ìwé ìròyìn géèmù kan kọ ọ́ pé ayàwòrán náà ní èrò tó jinlẹ̀, pé ó ronú ìlú kan tí ẹ̀rọ ti kọ̀ láti sin ènìyàn mọ́. Lífìtì wa ni wọ́n ń sọ. Mo ra ẹ̀dà mẹ́rin.

Orúkọ mi máa ń jáde lórí géèmù náà ní lẹ́tà aláwọ̀ ọsàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ pólì rí i. Wọn ò lówó géèmù, ṣùgbọ́n dídà dísìkì kọ kò le ju yíyá ènìyàn ní ìkòkò lọ. Mo bá dà á kọ fún ẹni kan, mo dà á kọ fún ẹni mẹ́wàá, àwọn náà dà á kọ fún àwọn ará àdúgbò Morris Walk, títí mo fi rí i lórí tábìlì kan ní ọjà Woolwich láàárín ìbọ̀sẹ̀ àti bátìrì. Mo pín in bí ẹni pín sàárà. Inú mi dùn. Ọkùnrin tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ náà mọ orúkọ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ìgbín Mẹ́ta ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ kan ní Milan. Èmi nìkan ni wọ́n pè, èmi nìkan ni mo lọ. Wàsíù bá mi lọ aṣọ. Mo rí yàrá tó wà lókè àwọn agbòòrùn, mo rí Piero pẹ̀lú pianó kékeré rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní oúnjẹ tó pọ̀ tó ti ìyàwó tuntun. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí a jẹun tán, Bruna gbé bébà àti pẹ́ńsù síwájú mi. Ó ní ọmọ Piero fẹ́ràn àwọn ẹṣin yẹn, kí n jọ̀wọ́ ya ẹyọ kan fún un. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní ojú ń dùn mí. Bruna wo ojú tí mo ní ó ń dùn mí, ó mú pẹ́ńsù rẹ̀, ó fi sápò.

Ọjọ́ yẹn náà ni Ettore fi lẹ́tà kan hàn mí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá wọn tà á ní England. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe eré náà pọ̀, àwọn tó ń rà á ò pọ̀. Ettore bi mí bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú wa. Mo ní ó ya èmi gan-an lẹ́nu.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun tó pa wọ́n. Wọ́n fẹ́ ṣe géèmù kan tó máa gba dísìkì méje, tí Piero máa kọ orin odidi ẹgbẹ́ akọrin sí. Wàsíù ya ọkọ̀ ojú omi fún un títí ọrùn fi ń dùn ún. Ó pẹ́, ó tún pẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa sún mọ́ ìparí, àwọn ẹ̀rọ tuntun ti ti ilẹ̀ Japan dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ ki dísìkì méje bọ nǹkan mọ́. Owó tí géèmù ìlú ọ̀la ì bá pa, tí ì bá gbé wọn kọjá, kò sí níbẹ̀. Piero lọ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní orin. Ettore lọ ń bá àna rẹ̀ ta kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná. Bruna ló ti ilẹ̀kùn, òun ló sì kọ lẹ́tà ìlà mẹ́ta tó fi sọ fún mi. Mi ò sọ pé èmi nìkan ló da iyọ̀ sí ìgbín lára, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo mú iyọ̀ dání.

Láti ọjọ́ yẹn, Wàsíù ò tan kọ̀ǹpútà mọ́. Ó ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì fún ilé búrẹ́dì kan ní Plumstead. Kò bínú, kò ráhùn. Ó kàn ń gbé búrẹ́dì wálé. Èmi ní tèmi gba ìwé ẹ̀rí, mo ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ń to orúkọ ènìyàn ní a, b, d.

Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni lẹ́tà mìíràn dé láti ọwọ́ Bruna. Ó ti dá ilé iṣẹ́ kékeré mìíràn sílẹ̀ ní Torino, ìlú mìíràn ní Ítálì. Ó ń wá ayàwòrán ìlú ọ̀la. Iṣẹ́ wà, ilé wà fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kó tètè wá. Orúkọ mi ló wà lẹ́yìn àpòòwé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni lẹ́tà náà fi wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ṣe. Mo ra bébà, mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ẹṣin. Mo ya ogún. Ọ̀kankan nínú wọn ò lè dìde.

Lọ́jọ́ kẹwàá, a wà ní kíṣìnì. Mummy ń fọ abọ́, Wàsíù ń jẹ búrẹ́dì tí kò tà. Mo gbé lẹ́tà náà síwájú rẹ̀.

“Wàsíù, ìwọ ni wọ́n ń pè. Kì í ṣe èmi.”

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó dá a padà fún mi. “Mi ò lọ, Bọ̀ọ̀dá mi.”

Mo bi í pé kí ló dé.

“Tí mo bá débẹ̀ tí mo yàwòrán, wọ́n á mọ̀ pé ẹ parọ́. Mi ò lè fi ìtìjú ẹ̀gbọ́n mi wáṣẹ́.”

Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí mo máa sọ yìí, kí ẹ má sì kórìíra mi. Inú mi dùn. Fún bí ìṣẹ́jú kan, inú mi dùn. Mo ti sọ òtítọ́, kò sì ní ná mi ní nǹkan kan. Mummy ló bà á jẹ́. Ó ti ẹ̀rọ omi pa, ó nu ọwọ́, kò tilẹ̀ yíjú sí mi.

“Ṣebí ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nílé yìí,” ló wí. “Ó yá, sọ̀rọ̀.”

Láti ìgbà wo ni Mummy ti mọ̀? Ṣé ẹ ti máa ń sọ̀rọ̀ wa láàárín ara yín kí ẹ tó lọ? Mi ò lè bi í. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà sí Bruna níwájú àwọn méjèèjì. Mo kọ ọ́ pé èmi kò ya nǹkan kan, pé ọmọ tí wọ́n gbé páálí lé lọ́wọ́ ló yà á, pé nítorí ẹ̀kọ́ ilé ló ṣe dákẹ́, pé nítorí àìní ẹ̀kọ́ náà ni mo ṣe gba orúkọ ayàwòrán. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò tóbi rárá.

Èsì dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bruna ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ pẹ́ńsù. Ó ní orúkọ mi nìkan ni òun ní, ìdí nìyẹn tí òun fi kọ ọ́ sí i. Ó ní kí n fi àbúrò mi ránṣẹ́.

Wàsíù lọ. Ní ibùdókọ̀ tí bọ́ọ̀sì Ítálì ti ń gbéra, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ǹtì, láàárín àwọn òyìnbó. Obìnrin kan bá a wo ilẹ̀, ó rò pé nǹkan ẹ̀ ló jábọ́. Mummy sunkún títí a fi délé. Nígbà tí èmi ń lọ Milan, ohun tó sọ ni pé kí n ra bàtà wá.

Mo rò pé bí mo bá sọ òtítọ́, owú náà máa kúrò. Kò kúrò. Mò ń jowú Torino tí mi ò rí rí. Mò ń jowú pé wọn kò bi mí léèrè rí ohun tí mo rò nípa àwọn ẹṣin náà, bẹ́ẹ̀ èmi ti mọ̀ pé wọ́n dára kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó rí wọn. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀bùn, Bàbá, kí ènìyàn jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó mọ̀? Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì wà lórí bébà àwọn dírẹ́bà. Bóyá ohun kan ṣoṣo tí èmi àti yín jọ ní nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Wàsíù pè lórí fóònù. Wọ́n ti fẹ́ parí géèmù tuntun náà. Bruna ti bi í bó ṣe fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ jáde. Ó ní òun ti sọ fún un pé àwa méjì ni, kó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n òun ṣáájú, kó wá kọ ti òun tẹ̀lé e, pé Bruna sì ní kó kọ́kọ́ bi mí.

Mò ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí ní òpin wáyà náà. Mo ní kó kọ tirẹ̀ nìkan.

Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní kò dá mi lójú rárá, kó sáré lọ kọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà.

Kí Ọlọ́run fẹ ibojì yín fún yín, kó sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i.

Èmi ni,
àkọ́bí yín, tó fi gbogbo owú inú rẹ̀ nífẹ̀ẹ́ yín.